Ìlú tó fẹ́ wáífáì káàkiri láìná kọ́bọ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Amẹ́ríkà

Ìlú tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìlú àtijọ́ ni, èèyàn bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó square mile 135. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà, torí irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìlú lásìkò yẹn, tí mo bá dárúkọ ẹ̀ báyìí, ẹ lè máa rò pé àwọn yẹn nìkan ni wọn ò mọ nǹkan ṣe. Wọ́n mọ nǹkan ṣe o. Èmi fúnra mi gbà pé ó dáa kí ìlú ní wáífáì tó kárí, mo gbà pé ó ṣeé ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tú èyí tó forí ṣánpọ́n yìí wò fínnífínní, kó tó di pé ẹnì kan lọ fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́.

Bí nǹkan ṣe rí ní 2004 nìyí. Nínú èèyàn mẹ́rin ní ìlú náà, bí ẹnì kan ló wà nínú ìṣẹ́ gidi. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ti kébù (àwọn tó ń fi wáyà gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé fáwọn èèyàn) náà ń tà á, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lóṣù kì í ṣe owó tí gbogbo ilé lè san, àwọn àdúgbò tálákà ni ìyẹn sì ń bá wí jù. Méyọ̀ ìlú wá gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní àárín ọdún yẹn, wọ́n fi wáífáì ọ̀fẹ́ sí gbàgede kan láàárín ìlú, àwọn èèyàn rí i, inú wọn dùn, ni wọ́n bá ní ẹ jẹ́ ká fi bo gbogbo ìlú. Èrò yẹn mọ́gbọ́n dání gan-an ni: òpó iná wà ní gbogbo títì, iná wà lórí òpó, dípò kéèyàn máa gbẹ́ ilẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ gbé rédíò kéékèèké kọ́ sórí òpó kí wọ́n máa fi dátà ránṣẹ́ síra wọn.

Ní oṣù kejì 2005, ìgbìmọ̀ yẹn gbé ètò wọn jáde. Ẹ bá mi fi ètò àkọ́kọ́ yìí sọ́kàn o, torí òun ni mo máa padà fi wọn gbogbo nǹkan tó kù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè ni yóò ni nẹ́tíwọ̀kì náà, ẹgbẹ́ náà á wá owó kọ́ ọ, bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n ṣírò, á wá máa tà á lósùnwọ̀n fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, àwọn yẹn ló máa tà á fún aráàlú. Owó tó bá wọlé, wọ́n á fi ra kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ò ní, wọ́n á sì fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyẹn ni pé ìlú ló ni ọ̀nà, ọlọ́jà ló ń gba orí ọ̀nà kọjá.

Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn tó jáde rárá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó tóbi jù níbẹ̀ gbọ́ pé ìlú fẹ́ máa ta íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kọkànlá 2004, gómìnà ti fọwọ́ sí òfin kan tó ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àfi tó bá kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé kó wá ṣe é tí ìyẹn bá sì kọ̀. Ìlú tí mo ń sọ yìí dúnàá-dúrà, wọ́n yọ tiwọn sílẹ̀ nínú òfin náà, torí náà tí ẹ bá kàn ka ìwé òfin ẹ máa ní kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n o. Ẹ̀rù ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, olóṣèlú ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé òun ń fi owó orí aráàlú bá ilé-iṣẹ́ aládàáni du ọjà, àtìgbà yẹn ló ti jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ètò náà ni "èló ni ìlú máa san?", ìdáhùn tí gbogbo wọn sì ń wá ni òdo.

Ilé-iṣẹ́ kan láti Atlanta ló wá mú òdo yẹn wá fún wọn. Ó yẹ ká mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, torí kì í ṣe pé wọ́n kàn ya ọ̀làwọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi tẹlifóònù pè ni wọ́n ti rí owó, ọjà yẹn sì ti ń kú lọ lójú wọn, àwọn kọ́sítọ́mà ń sá lọ sórí DSL (íntánẹ́ẹ̀tì tó yá, tó ń gba inú wáyà tẹlifóònù wọlé) àti kébù. Wọn ò ní wáyà tiwọn. Ní 2005 kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé kò pọn dandan kí àwọn oníkébù pín wáyà wọn fún ẹlòmíì, kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí FCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti rédíò níbẹ̀, tún sọ irú ẹ̀ nípa wáyà DSL. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ báyìí, tó bá rí òpó iná ìlú ńlá tí wọ́n fẹ́ fún un lò, á sáré síbẹ̀ dandan. Wọ́n ní àwọn ló máa gbé gbogbo owó kalẹ̀, àwọn ló máa kọ́ ọ, àwọn ló máa ni ín, ìlú ò ní san nǹkan kan, àwọn tiẹ̀ tún máa sanwó òpó fún ìlú, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè yẹn á sì gba ìpín díẹ̀ nínú owó tó ń wọlé. Oṣù kẹwàá 2005 ni wọ́n mú wọn, 2006 ni àdéhùn fẹsẹ̀ múlẹ̀: bíi 20 dọ́là lóṣù fún aráàlú, dọ́là 9.95 fún àwọn tí ò lówó, sípíìdì megabit 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní lílọ àti bíbọ̀.

Ibí yìí ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti yí. Gbogbo èèyàn ló yọ̀, ìwé ìròyìn gbé e, àwọn ìlú míì ní irú ẹ̀ làwọn náà fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa rẹ́ nínú ètò àkọ́kọ́: ìlú ò ni nẹ́tíwọ̀kì mọ́, ìlú ò sì ṣèlérí pé òun máa ra nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá, panápaná, àwọn tó ń yẹ ilé wò, àwọn tó ń ka mítà omi, kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú àdéhùn pé ó máa lo nẹ́tíwọ̀kì yìí tó sì máa sanwó lóṣù. Gbogbo owó tí wọ́n fẹ́ fi gba owó ìkọ́lé padà, lọ́wọ́ ìyá àti bàbá tó jókòó sílé tó fẹ́ san 20 dọ́là ló ti máa wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lómìnira láti má san án.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti rédíò, torí ibẹ̀ ni àwọn olóṣèlú máa ń sáré kọjá, àwa oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì náà sì máa ń fi ẹnu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ nígbà tó yẹ ká la ojú wọn. Wáífáì ìgbà yẹn, ojú ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ló ń lò, ojú kan náà tí fóònù aláìlókùn inú ilé, máíkírówéèfù àti ráútà aládùúgbò ń lò, kò sẹ́ni tó gba láísẹ́ǹsì ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lé ẹnikẹ́ni kúrò. Òfin Amẹ́ríkà fi ààlà sí agbára tí ẹ̀rọ lè lò níbẹ̀, èyí tó wà lórí òpó pẹ̀lú ẹ̀ńtẹ́nà tó dáa lè tó wọ́ọ̀tì 4. Láptọ́ọ̀pù tó wà nínú yàrá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wọ́ọ̀tì kan lọ. Ó dà bí ẹni tó di megafóònù mú lójú títì tó ń pe ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹni inú yàrá ń gbọ́ ọ ketekete, ṣùgbọ́n tó bá dáhùn, ẹni ìta ò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wáífáì ìgboro fi máa ń hàn lójú ẹ̀rọ pé ó kún dáadáa, kẹ́ ẹ wá tẹ péèjì kan kó kọ̀ kó má ṣí.

Kẹ́ ẹ tún wá fi ògiri kún un. Ilé bíríkì tó so mọ́ra wọn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ló pọ̀ ní ìlú yẹn, bíríkì sì máa ń jẹ agbára 2.4 GHz, ewé igi tó ní omi nínú náà máa ń jẹ ẹ́, tó fi jẹ́ pé òpó tẹ́ ẹ dán wò nígbà òtútù tí gbogbo ewé ti rẹ̀ dànù, ó lè má dáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ewé bá hù. Nǹkan kẹta ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ orí òpó ló ní ọ̀nà tirẹ̀ bọ́ sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan á ju dátà sí ìkejì, ìkejì á jù ú sí ìkẹta, títí á fi dé èyí tó ní ọ̀nà, tó bá sì jẹ́ rédíò kan ṣoṣo ló fi ń gbà tó tún fi ń jù, ìfò kọ̀ọ̀kan máa ń gé sípíìdì sí bí ìdajì. Ẹni tó wà nídìí òpó tó ní ọ̀nà ń gbádùn, ẹni tó wà ní ìfò kẹta ń bú wọn.

Oògùn tí wọ́n rí sí i ni pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wáífáì ìlú bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 20 sí 25 ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń ní ó tó fún square mile kan, nígbà tí wọ́n dé ojú iṣẹ́ wọ́n rí i pé ó ń lọ sí 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi rò ó ná, ìlú tó tó square mile 135, tí iye ẹ̀rọ tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé ìṣirò wá fẹ́ di ìlọ́po méjì, iye tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ò kúrò lójú kan torí ẹ ti buwọ́ lù ú.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, inú ilé ò tíì dáa, ni wọ́n bá ní kí kọ́sítọ́mà gba àpótí kékeré kan tó máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti fi kún agbára nẹ́tíwọ̀kì nínú ilé. Lójú tèmi, àpótí yẹn ṣe wọ́n ní ìjàǹbá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìlérí tí wọ́n ṣe fáráàlú ni pé ẹ ṣáà ṣí láptọ́ọ̀pù yín níbikíbi. Tó bá ti di pé àpótí máa dúró sójú kan nínú ilé, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ẹ̀ àti DSL? DSL náà ní àpótí, kì í já bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì ti gbé èyí tó kéré jù wá sí dọ́là 14.95 lóṣù láti oṣù kẹjọ 2005, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ kan sórí òpó rárá. Àwọn tó ń ta wáífáì ìlú ṣírò ọjà wọn lórí iye tí DSL jẹ́ lánàá, ẹni tí wọ́n fẹ́ bá du ọjà sì ti já iye rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ square mile 15 fún ìdánwò, ó di oṣù karùn-ún 2007 kí ìlú tó ní ó yege, iṣẹ́ wá ń lọ sí ìyókù ìlú. Ọdún yẹn gan-an ni nǹkan dàrú ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá àgbà tó nígbàgbọ́ nínú wáífáì ìlú ti kú ní oṣù kìíní, òmíràn gorí àga ní oṣù kẹfà, ó yẹ ìwé wò, kò rí bí owó ṣe máa padà. Ní oṣù kẹjọ wọ́n dá òṣìṣẹ́ bíi 900 dúró, ìyẹn bí ìdajì gbogbo wọn, wọ́n sì sọ pé àwọn ò ní fi owó ara àwọn kọ́ wáífáì ìlú kankan mọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ò bá gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ bíi kọ́sítọ́mà. Oṣù yẹn kan náà ni ètò San Francisco tí wọ́n fẹ́ ṣe pẹ̀lú Google dópin, Chicago pa tiwọn tì, ilé-iṣẹ́ yìí sì san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún Houston torí pé iṣẹ́ ò yá bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn.

Ọ̀gá tuntun yẹn ò parọ́ o, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú, owó tó ti wọlẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 17 dọ́là, àwọn tó ń sanwó lóṣù ò sì ju bíi 6,000 lọ. Tí gbogbo wọn bá ń san 20 dọ́là, 120,000 dọ́là nìyẹn lóṣù, kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ́dún. Ká tiẹ̀ ní wọn ò san owó iná, wọn ò sanwó òpó, wọn ò sanwó ẹni tó ń gun òpó lọ tún ẹ̀rọ ṣe, ó máa lé ní ọdún 11 kí owó ìkọ́lé nìkan tó padà, ẹ̀rọ wáífáì kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó di ti àtijọ́.

Ìgbà tó di oṣù karùn-ún 2008, wọ́n ní àwọn ń pa á. Wọ́n fẹ́ fún ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fẹ́ fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀: nẹ́tíwọ̀kì mílíọ̀nù 17 dọ́là, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbà á, torí gbogbo wọn mọ̀ pé owó kíkọ́ ọ kọ́ ni ìṣòro, owó bíbọ́ ọ lóṣooṣù ni. Ilé-iṣẹ́ náà gba kóòtù lọ kí wọ́n lè tú ẹ̀rọ wọn kúrò lórí òpó, kí gbèsè wọn má sì kọjá iye kan. Ní oṣù kẹfà, àwọn olówó kan láti ìlú náà dá owó jọ, wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn máa jẹ́ kó di ọ̀fẹ́ fáráàlú, kí àwọn máa tà á fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ìyẹn náà ò gbéra. Ìparí 2009, ìlú fúnra rẹ̀ wá rà á ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, kí wọ́n fi máa gbé kámẹ́rà ojú títì àti iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ ò rí i pé ìlú padà di kọ́sítọ́mà tí wọn ò jẹ́ ní 2006, lẹ́yìn tí aráàlú tí wọ́n torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn. Àwọn ìdílé tí ẹgbẹ́ yẹn fún ní láptọ́ọ̀pù tí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, àwọn yẹn ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí apá iṣẹ́ yẹn ló dáa jù, òun ni wọ́n sì so mọ́ owó tí kò wọlé.

Fún àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìlú tó yẹ ká fi wé e ni Minneapolis. Ọdún 2006 kan náà ni àwọn náà ṣàdéhùn, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́ tiwọn, òun náà ló ni ín, ṣùgbọ́n ìlú buwọ́ lù ú pé òun máa ra iṣẹ́ tó tó mílíọ̀nù 1.25 dọ́là lórí rẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún 10. Olówó mọ̀ pé owó kan ń bọ̀ bó ti wù kí ọjà rí, ó fara balẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí afárá I-35W wó lulẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2007, wọn ò tíì kọ́ nẹ́tíwọ̀kì náà tán, síbẹ̀ ó ti wà lágbègbè yẹn, wọ́n ṣí i sílẹ̀, àwọn tó wá dóòlà ẹ̀mí lò ó. Ogiri àti ewé igi wà ní Minneapolis náà o, 2.4 GHz kan náà ni wọ́n lò. Ẹni tó dúró láti sanwó ni ìyàtọ̀.

Ti iná orí òpó náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wò ó. Ní St. Louis, ètò wáífáì ìlú ha sí i torí pé ọ̀sán ni wọ́n máa ń pa iná òpó láti orísun, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ò ní rí iná lò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Amẹ́ríkà nìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo òpó iná tiwa, èyí tí kò rí iná látọ̀sẹ̀ dọ́sẹ̀, èyí tó ń lo sólà tí bátìrì ẹ̀ kàn lè gbé gílóòbù dé ìdájí, ẹ̀rọ wáífáì á wá fẹ́ jẹun lára ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Owó bátìrì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ kìíní, bátìrì tó sì máa ń pòórá lóru gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwa náà sì ti rí ọ̀fẹ́ rí. Oṣù keje 2018 ni Google gbé wáífáì ọ̀fẹ́ Google Station wá sí Èkó, wọ́n ń fojú sun ibi 200 ní ìlú márùn-ún, Ìbàdàn wà nínú ẹ̀. Ilé ìtajà ńlá àti pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí, ìyẹn bọ́gbọ́n mu, torí ibi tí èrò pọ̀ sí tó sì ní iná ni. Ní 2020 wọ́n ní àwọn ń pa ètò náà káàkiri àgbáyé, wọ́n ní dátà fóònù ti rọjú ju ti tẹ́lẹ̀, owó tó yẹ kó máa gbé e ró ò sì rọrùn láti rí. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó Google nìyẹn. Torí náà tí kọmíṣánnà kan bá ní ilé-iṣẹ́ kan ti fẹ́ fi wáífáì bo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bi í léèrè ọ́fíìsì ìjọba wo, ilé-ìwé wo, ilé ìwòsàn wo ló máa san èló lóṣù, fún ọdún mélòó, kí ó wà lórí ìwé kí wọ́n tó gun òpó kankan.

Kẹ́ ẹ sì tó buwọ́ lù ú, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí òpó díẹ̀ ní àdúgbò tí owó ò ti pọ̀, lásìkò òjò tí ewé hù dáadáa, ẹ mú fóònù tó rọjú jù ní ọjà wọ yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan níbẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi fídíò kan ránṣẹ́ síta, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn wo èyí tó ń wọlé. Iye tó bá gbé jáde láti inú yàrá yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú àdéhùn pé a ó máa fi wọn iṣẹ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú títì.